Ọdún Tí A Fi Òṣùwọ̀n Kòkó Wọn Àgùntàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ọ̀nà tí mo gbà kọ èyí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi ọdún kan lé e ní girama, lẹ́yìn náà mo lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń kọ kò ju ìwọ̀n èjìká àti ìbàdí àwọn oníbàárà mi lọ. Àǹtí Bùnmi, àbúrò bàbá mi tí wọ́n jẹ́ tíṣà ní Adó, ni wọ́n ra ìwé ìkọ̀wé fún mi, tí wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ Onítìróò sílẹ̀ kí n tó gbàgbé rẹ̀. Mo ní n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùwọ̀n. Ó dáa, orí òṣùwọ̀n náà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ yìí. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi nà án.

Ilé bàbá bàbá mi ní Ìjàn ni mo gbé dàgbà. Àwọn òbí mi ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, èmi nìkan sì ni ọmọdé tó wà lọ́dọ̀ Bàbá àgbà àti Yèyé, ìyàwó wọn. Iṣẹ́ tí Bàbá ṣe títí ara wọn fi kọ̀ ọ́ ni kòkó wíwọ̀n. Àwọn àgbẹ̀ a gbé àpò kòkó wọn wá, Bàbá a gbé e kọ́, wọ́n a pe iye kílò rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, wọ́n a sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, iṣẹ́ náà ti parí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Ó rọ̀ sára igi àjà níwájú ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ rí roboto bí ojú aago, ìkọ́ irin rẹ̀ sì gùn wá sísàlẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ní ìdájí, ìkọ́ náà a máa dún kín-ín, kín-ín. Ìró yẹn ló máa ń jí mi, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ Yèyé, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ikọ́ Bàbá. Bàbá kò lè rí òṣùwọ̀n náà kó wà lásán. Wọ́n wọn iṣu, wọ́n wọn odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n máa ń wọn èmi náà bí ọdún bá ti ń parí lọ. Ìyàwó pásítọ̀ gbé tòlótòló kọjá lọ́jọ́ kan, Bàbá ní kí wọ́n dúró, wọ́n wọn tòlótòló náà, wọ́n pe kílò rẹ̀ sókè, wọ́n sì dá a padà fún wọn tọwọ́tọwọ́. Ìyàwó pásítọ̀ ò mọ̀ bóyá kí wọ́n dúpẹ́ ni tàbí kí wọ́n bínú.

Onítìróò ni àgùntàn Yèyé. Funfun ni, ṣùgbọ́n dúdú yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká bí ẹni tó lé tìróò lọ sí ìsìn Àìkú. Yèyé kì í fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Wọ́n a fi ìka mẹ́ta tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn ti fẹ́ kan ìbàdí, wọ́n a sì dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan. Bí eegun náà bá gún wọn lọ́wọ́, wọ́n a fi oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹran bá bò ó, wọ́n a ní ó tó. Bàbá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìka ò lè mọ kílò, ìyá Bùnmi." Yèyé a ní, "Òṣùwọ̀n yín náà ò mọ ohun tó wà nínú àpò. Ẹ fi mí sílẹ̀ o." Nígbà tí Onítìróò gboyún ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Bàbá ní àwọn máa fi hàn wá pé òṣùwọ̀n gbọ́n ju ìka lọ. Wọ́n gé ihò mẹ́rin sí àpò kòkó àtijọ́ kan, a ki ẹsẹ̀ Onítìróò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ ọ́, a gbé e kọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé ni a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú Bàbá ti di bàìbàì, nítorí náà, èmi ni mò ń ka òṣùwọ̀n, èmi ni mo sì ń fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Àgùntàn náà a rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, a máa wò mí pẹ̀lú tìróò ojú rẹ̀, bí ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n gbé jókòó sí ibi tí kò yẹ.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìwọ̀n rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kílò méjìlélógún ló wà, ó kàn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. "Ẹni tó lóyún, ṣé kò yẹ kó wúwo ni?" Yèyé ń ṣa ẹ̀fọ́, wọn ò gbójú sókè. "Oyún àgùntàn kì í hàn ní kíákíá. Ẹ jẹ́ kó di ìparí." Kò pẹ́ sí i ni Àǹtí Bùnmi bímọ ní Adó, Yèyé sì ní láti lọ bá wọn wẹ ọmọ. Oṣù mélòó kan ni ìyá fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, wọ́n pè mí sí ilé ìdáná, wọ́n sì fi Onítìróò lé mi lọ́wọ́. "Èèpo uṣu ò ní pọ̀ nínú ulé yìí mọ́, torí bàbá rẹ ò lè gúnyán, ìwọ náà ò lè gún un. Ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ ni kó o máa lọ ní àràárọ̀. Kí wọn dáadáa, wọ́n á fún ẹ ní èèpo. Sá a sórí àpáta kó gbẹ dáadáa kó o tó gbé e fún un, torí tútù rẹ̀ lè pa á. Tó bá sì bímọ tán, gbọ́ mi o, ìgbà yẹn gan-an ló máa jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ohun tí n kò lè sọ fún Yèyé ni pé ìdààmú mi kò sí nínú èèpo, inú kíkí ló wà. Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ló máa ń jókòó yípo òkìtì ẹ̀gẹ́ lábẹ́ páànù ibi ìṣe gàrí, ọ̀bẹ wọn ń lọ ṣàrà ṣàrà, ẹnu wọn kì í sì í sinmi. Títí di òní, tí èèyàn bá ju mẹ́ta lọ níbì kan, ohùn mi a máa há sọ́nà ọ̀fun. Ẹ wá wo ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹta tí Yèyé lọ, mo kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wọn, mo kí wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún kí wọn. Ìyá Ṣadé, tí òun ni ẹnu rẹ̀ mú jù níbẹ̀, gbé ọ̀bẹ dúró, wọ́n tẹ́tí. "Ẹ̀yin ìyá, ta ló ń kí wa? Àbí atẹ́gùn ni?" Ẹlòmíì ní, "Atẹ́gùn tó gbé agbọ̀n lọ́wọ́ rèé." Ìyá Ṣadé wò mí. "Ìyàwó mi, ṣé inú agbọ̀n lo fi ẹnu sí ni? Mú un jáde, a fẹ́ gbọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n kó èèpo kún agbọ̀n mi bámúbámú, mo mọ̀ pé inú wọn dára, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo sun dé ilé. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń rìn dé ìdí igi ìyeyè, ibi tí ohùn wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé etí mi, tí n óò sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Koríko ni mò ń gé kún agbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo bá rí i pé àwọn obìnrin náà kò tíì dé, n óò sáré lọ bu díẹ̀ nínú èèpo àná.

Ohun tó jẹ́ kí ó rọrùn fún mi láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n kò fẹjọ́ mi sùn. Ìparí oyún dé bí Yèyé ṣe wí, Onítìróò bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, títí tó fi dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n ń pe Yèyé lórí fóònù láti ka kílò fún wọn. "Ìyá Bùnmi, ẹ wá gbé ìka yín dànù!" Lẹ́yìn náà ló bí ìbejì ní àárọ̀ ọjọ́ kan, abo kan, akọ kan, ẹsẹ̀ wọn gùn, wọ́n ń gbọ̀n. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gbé Onítìróò kọ́, mo sì kà á: mẹ́rìnlélógún. Bàbá ní kí n gbé àwọn ọmọ kọ́. Àwọn méjèèjì pọ̀, wọn kò pé kílò mẹ́rin. Bàbá dúró, wọ́n ń ka ìka ọwọ́ wọn. "Ó kù. Níbo ni ìyókù wà?" Mo ní bóyá ibi ọmọ ni, àti omi tó bá a jáde. Wọ́n mi orí, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ wọ́n lára. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Bàbá fún yín. Gbogbo ayé wọn, ohun tí wọ́n ń bá jà ni kòkó tí kò gbẹ. Àgbẹ̀ a gbé kòkó tútù wá, yóò wúwo lórí òṣùwọ̀n, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó bá gbẹ tán, kílò rẹ̀ a dín, àwọn tó rà á a sì ní ẹni tó wọ̀n ọ́n ló jí i. Lójú Bàbá, bí kílò bá ti dín, ẹnì kan ti ṣe nǹkan kan. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí kílò fi ń dín.

Kílò sì ń dín. Bí àwọn ọmọ ṣe ń fi orí ta ọmú ìyá wọn, tí ìrù wọn ń jó, bẹ́ẹ̀ ni Onítìróò ń rù. Mẹ́tàlélógún. Méjìlélógún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá òṣùwọ̀n náà. Mo mọ ohun tó wà nínú agbọ̀n mi, mo mọ ohun tí Yèyé wí, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé èmi ni mò ń pa á. Ní Sátidé tó fi máa dé ogún, mo wo ọwọ́ òṣùwọ̀n, mo sì ké pé, "Méjìlélógún, Bàbá." Bàbá di okùn tí a fi ń fa àgùntàn sókè mú, wọ́n gbé e díẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ọmọ jó lọ́wọ́. "Tún un kà." Ojú wọn ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n apá wọn ṣì mọ kílò. Mo ní, "Ogún, sà." Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn béèrè pé, "Ṣé o ń lọ kó èèpo?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣì ń rántí bí ọrùn mi ṣe wúwo nígbà tí mo mi orí yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ó di mọ́kàndínlógún, Bàbá sì ní àìsàn ló ń ṣe é, kó tó kú síwájú àwọn, àwọn máa tà á fún alápatà. Ìtìjú ni mo rò pé ó ń dà wọ́n láàmú. Àgùntàn ìyàwó wọn ni, ọ̀dọ̀ wọn ni Yèyé fi í sí, wọ́n fẹ́ kí Yèyé dé kí wọ́n má bá a ju kí wọ́n dé kí wọ́n bá òkú rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí alápatà, ó ní òun máa wá mú un ní àárọ̀ Sátidé. Ní ọ̀sán Jímọ̀, Bàbá sùn lórí àga gbọọrọ. Fóònù wọn wà lórí ìjókòó. N kò pe èèyàn rí láyé mi. Mo mú un, mo tẹ orúkọ Yèyé, mo sì bọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn, gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ. "Yèyé, ẹ máa bọ̀." "Ta nìyẹn? Ìwọ ni? Kí ló dé?" "Ẹ máa bọ̀, mà." Mo pa á.

Kí oòrùn tó mú ní ọjọ́ kejì, takisí kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Yèyé ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, Àǹtí Bùnmi tẹ̀ lé wọn, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Bàbá yọ jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. "Ṣé kò sí nǹkan?" Yèyé ní, "Ẹ̀yin ni kí n bi léèrè. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ pè mí, ó ní kí n máa bọ̀. Kí ni kí n tún dúró ṣe?" Alápatà ti wà ní àgbàlá nígbà náà, okùn rẹ̀ ti wà lọ́rùn Onítìróò, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ké. Bàbá na ìka sí ògiri. "Ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń gbẹ." Yèyé kò wo ògiri. Wọ́n fi ìka mẹ́ta tẹ ẹ̀yìn àgùntàn náà. Wọ́n ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wo inú rẹ̀, ó pọ́n dáadáa bí ti ẹran tó lẹ́jẹ̀ lára. Wọ́n wo ìgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, koro koro ni. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fọwọ́ kan ọmú rẹ̀, ó kún. "Ẹ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ fún mi." A gbé wọn kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kà á: mẹ́fà, mẹ́fà. Yèyé yíjú sí Bàbá. "Oṣù kejì ò tíì pé tí ẹ wọ̀n wọ́n tí wọn ò pé mẹ́rin. Mẹ́jọ ti lé e. Wọn ò tíì fi ẹnu kan nǹkan gidi yàtọ̀ sí ọmú. Níbo lẹ rò pé ó ti ń wá?"

Bàbá wo ọmọ, wọ́n wo ìyá, wọ́n wo èédú ara ògiri. Ètè wọn ń mì, wọ́n ń ṣírò. Kí wọ́n tó ṣírò tán, Àǹtí Bùnmi ti jáde síwájú. Wọ́n di aṣọ wọn mú níbi ìbàdí, pín-ìnnì méjì ni wọ́n fi há a. "Bàbá, ẹ wo èmi náà. Nígbà oyún, aṣọ yìí ò wọ̀ mí. Ní báyìí, ó fẹ́ já bọ́ lára mi. Ṣé ẹ máa bá mi pe alápatà ni?" Alápatà gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mú Bàbá, ikọ́ mú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń húkọ́, a ní láti fún wọn lómi. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Kòkó kì í fọ́mọ lọ́mú, ìyá Bùnmi. Ta ló kọ́ mi ní ti àgùntàn?" Okùn kúrò lọ́rùn Onítìróò. Yèyé ní kí alápatà jókòó jẹ iṣu kó tó máa lọ. Èmi bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, mo jókòó sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé àpò kòkó kan kúrò láyà mi. Èmi náà ti bímọ báyìí. Ní oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì gbé mi lé òṣùwọ̀n, ó dín, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù sì ń wojú mi pẹ̀lú àánú. Ẹ̀rín ni mò ń rín nínú, wọn ò mọ ìdí rẹ̀.

Àmọ́ ìka Yèyé kì í gbàgbé nǹkan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó ní ilé ìdáná, à ń bó iṣu fún iyán àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Wọ́n ní, "Ó yẹ kó rù. Gbogbo wọn ló máa ń rù tí wọ́n bá ń fọ́mọ lọ́mú, tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ara á padà. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ fi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí lo ń fún un jẹ?" Mo sọ ọ́. Igi ìyeyè, koríko, Ìyá Ṣadé, kílò méjì tí mo fi kún un, orí tí mo mì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láì dánu dúró, bóyá torí pé iṣu ni mò ń wò. Yèyé bó iṣu tán. Wọn kò pariwo. "Koríko ò burú, ṣùgbọ́n kò tó ẹni tó ń fún méjì lọ́mú. Kò pẹ́ jù, á gbà á padà." Wọ́n fọ iṣu, wọ́n kó o sínú ìkòkò. "Ohùn tó pè mí lórí fóònù, mo gbọ́ ọ láti Adó. Ibi ìṣe gàrí ò jìnnà tó Adó." Wọ́n dáná sábẹ́ ìkòkò, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìgbálẹ̀ Yèyé tó bẹ̀rẹ̀, mo mú agbọ̀n, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àìkú ni, mo rò pé wọn ò ní sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìdí igi ìyeyè, mo gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀gẹ́ àná ṣẹ́ kù, wọ́n ń bó o kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró díẹ̀. Koríko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Mo kọjá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ṣí ẹnu, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, adìyẹ kan fò kúrò lórí òkìtì. Gbogbo ọ̀bẹ dúró. Ìyá Ṣadé wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọn kò rẹ́rìn-ín. "Káàárọ̀, ìyàwó mi. Kí la lè ṣe fún ọ?" Mo ní, "Èèpo ni, mà. Àgùntàn Yèyé bí ìbejì." Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti òkìtì èèpo tó pọ̀ jù lọ sí ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé agbọ̀n kalẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o.